Omi Tí Mo Gbàdúrà Sí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí ẹnu mi tó pa dé. Ìyá àgbà kan wà ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá tí wọ́n ń pè ní àjẹ́. Yíwọlá ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe àjẹ́. Èmi Ọláníran, ajẹ́ńtì ilé ní Festac, ni mo sọ ọ́ di àjẹ́, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń sọ ọ́. Dókítà ní kíndìnrín mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Bí mo bá kú láìsọ̀rọ̀, obìnrin yẹn á gbé orúkọ burúkú náà wọ sàréè.

Lọ́dún 2004, Alàgbà Gbádégẹṣin ní kí n bá òun wá ayálégbé sí fúláàtì ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ kan nítòsí First Gate. Ilé àtijọ́ ni, ọ̀kan lára àwọn tí ìjọba kọ́ nígbà àjọ̀dún FESTAC. Ohun tó dára níbẹ̀ kò ju pé ẹsẹ̀ lásán lèèyàn máa fi rìn dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Mile 2. Ẹ̀gbin ni ìyókù. Páìpù tó ń gbé ìgbẹ́ gbogbo ilé náà lọ ti bẹ́ sábẹ́ ilẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi dúdú á ru sókè nínú balùwẹ̀, ìdin á sì máa rìn kiri nílẹ̀. Ìsmáílà, púlọ́ńbà tí mo mú lọ síbẹ̀, fi ọwọ́ bo imú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún bàbá kí wọ́n hú gbogbo ẹ̀ síta o. Ó ti ń sun sínú kànga. Omi kànga yẹn náà ni wọ́n ń fà sínú táǹkì, ìgbẹ́ ni." Alàgbà ní òun ò lówó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo dúró di ìgbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ gbẹ, mo da oògùn apakòkòrò sílẹ̀, mo fọ́n káńfọ̀ sí gbogbo kọ̀rọ̀, mo wá ṣílẹ̀kùn fún Ẹ̀bùnlọlá.

Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Festac ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní Marina, òun àti ìyá rẹ̀ ló fẹ́ gbébẹ̀. Ó bi mí pé, "Bọ̀dá Níran, ṣé omi wà?" Mo ní, "Omi wà dáadáa, sísítà." Mo ti rí Bíbélì nínú báàgì rẹ̀, ni mo bá sọ ara mi di ará nínú Olúwa. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé, èmi ni mo fi òróró yan àtẹ́rígbà, tí mo ń ké halelúyà bí ẹni tí iná ń jó. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní pásítọ̀. N kò ní kó má pè mí bẹ́ẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀, òórùn náà dé. Ẹ̀bùnlọlá ránṣẹ́ pè mí, ó ní, "Bọ̀dá, a ti fọ ibi gbogbo, òórùn yìí ò lọ. Kí ló dé?" Ó yẹ kí n sọ pé páìpù ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó jáde, Alàgbà ò ní fún mi nílé mọ́. Mo bá fa ojú ro. Mo ní, "Sísítà, èyí kì í ṣe òórùn lásán. Ta ló wá kí yín láìpẹ́?" Màmá ní, "Yíwọlá, àbúrò bàbá ẹ̀, ló gbé ẹja wá fún wa." Mo kàn mi orí ni. Orí tí mo mì yẹn ti tó. Ẹ̀bùnlọlá pariwo: "Mo mọ̀! Mo ti ń fura sí àǹtí yẹn!"

Mo ní kí wọ́n gbààwẹ̀. Mo bu omi ẹ̀rọ tó ń ti inú táǹkì yẹn wá sínú jọ́ọ̀gì, mo gbàdúrà sí i, mo ní òun ni kí wọ́n máa fi ṣínu. Ìyá arúgbó náà bu ife kan, ó gbé e fún mi. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ kọ́kọ́ mu, kí ìbùkún yín lè kàn wá." Omi náà mọ́ lójú. Mo dá a padà. "Èmi náà ń gbààwẹ̀, Mà." Bẹ́ẹ̀, mo ti jẹ dùǹdú yó ní Mazamaza láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní Ọlọ́run á gbọ́ tèmi, ó sì mu ún tán lójú mi. Ara mi ń rí mi lára bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó ń yàgbẹ́, Ẹ̀bùnlọlá fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù. Èmi ni mo ní ó ń bi májèlé àjẹ́ jáde ni, kí wọ́n má dá omi náà dúró. Ẹranko ò ṣe irú ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi gbé e dé ọsibítù, omi ti tán lára rẹ̀. Ó kú.

Níbi ìsìnkú, Yíwọlá ń sunkún bọ̀. Ẹ̀bùnlọlá tì í ṣubú lójú gbogbo ẹbí: "Ẹ ti pa á tán, kí lẹ tún wá wò?" Obìnrin náà kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó kọjú sí mi. "Pásítọ̀, ẹ bá mi bi Ọlọ́run. Kí ni mo ṣe?" Mo ṣí Bíbélì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Orúkọ àjẹ́ náà bá a dé Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá. Nígbà tí Ẹ̀bùnlọlá kó kúrò ní fúláàtì náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Láìpẹ́ yìí, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá láti tọrọ àforíjì. Mo rí i níwájú ilé rẹ̀, ó na bisikíìtì sí ọmọ aládùúgbò kan. Ìyá ọmọ náà sáré jáde, ó já a gbà, ó jù ú sínú gọ́tà. Yíwọlá ò bínú, ó ti mọ́ ọn lára. N kò lè sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe ajẹ́ńtì, ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run bo ìgbẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀bùnlọlá, èmi ni mo pa ìyá ẹ. Bí o bá fẹ́, má dárí jì mí. Ṣùgbọ́n lọ bá Àǹtí ẹ. Jókòó síta pẹ̀lú wọn, kí o jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ wọn, kí gbogbo àdúgbò rí ọ.