Pírìńtà Tí Wọn Ò Kọ

Èmi kì í ṣe olófòófó, àmọ́ ẹ̀yìn tíṣà kan àti ọkọ rẹ̀ ni mo tò sí ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Opebi, mo sì gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Dádì, pírìńtà wà nílé, èmi wá ń tò lórí ìlà nítorí ìbéèrè ìdánwò!" Tíṣà ló ń bá ọkọ ẹ̀ wí bẹ́ẹ̀.

"Mo ti ṣàlàyé. Irú Linux kan ni kọ̀ǹpútà wa ń lò báyìí, kì í ṣe Windows mọ́. Inú fáìlì kan ṣoṣo ni mo kọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ kó ní sí, òun fúnra ẹ̀ ló ń to ara ẹ̀. Ohun téèyàn ò bá kọ, kò sí níbẹ̀."

"Kí lẹ wá kọ?"

"Géèmù bọ́ọ̀lù. Géèmù mọ́tò. Páàdì tí mo fi ń gbá géèmù. Iná tó ń ṣẹ́jú lára kíbọọ̀dù."

"Pírìńtà ńkọ́?"

Ọkọ wúkọ́. "Ìlà kan péré ló kù kí n kọ sí fáìlì yẹn."

Ìyàwó yọ ìwé tó kọ ọjà tó fẹ́ rà sí nínú báàgì, ó nà án sí i. "Ó dáa. Tá a bá kúrò níbí, ẹ bá mi ra ìwọ̀nyí."

Ọkọ kà á. "Ẹja mẹ́rin kẹ̀? Ṣebí márùn-ún ni wá nílé."

"Dádì, kí lẹ ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ sóhun téèyàn ò bá kọ?"