Odì Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Lórí Wọ́ọ̀fù

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ohùn sí mi lọ́fun, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ fara balẹ̀ fún mi o, torí ẹ̀rí yìí kò tò dáadáa lọ́kàn èmi fúnra mi. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò tíì yé mi títí di àárọ̀ yìí. Ìyàwó mi ló ní kí n ṣáà dìde kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, pé bóyá ẹni tó máa yé wà láàárín ìjọ.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ mi. Orí wọ́ọ̀fù ni mo wà, orí afárá irin gígùn tó wọ inú òkun lọ, torí ìgbì etíkun Lomé yìí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá súnmọ́ ilẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà lórí afárá náà tó ń fi okùn irin sọ ẹrù àti èèyàn kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, kí àwọn atukọ̀ tó wà wọ́n lọ bá ọkọ̀ ńlá lójú agbami. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ kì í rí ìsàlẹ̀. Èmi ni ojú rẹ̀. Àsíá pupa ló wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá gbé e sókè, kó dúró. Bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó máa sọ ẹrù lọ. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa ta sí i lójú, nítorí náà àṣà wa ni pé kí n pe orúkọ rẹ̀, kí òun náà dáhùn, kí okùn tó mira.

Akuẹtẹ ni orúkọ ẹni tó ń wa ẹ̀rọ, ọmọ Mínà láti Aného; èdè wọn ni gbogbo wa fi ń sọ̀rọ̀ lórí afárá. Mo lè bí i lọ́mọ. Kọjó ni olórí àwọn atukọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Òyìnbó Faransé tó jẹ́ ọ̀gá wa, Ṣẹ́ẹ̀fù là ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí inú ṣe ń bí oníkálukú wa, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Bí inú bá bí Kọjó, gbogbo etíkun ló máa gbọ́. Á bú ọ, á bú bàbá tó bí ọ, kí o sì tó gbójú sókè, ó ti ń fi gàrí lọ̀ ọ́. Ṣẹ́ẹ̀fù kì í pariwo. Á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á ní «Bon», ìyẹn «ó dára» lédè wọn, ara gbogbo wa á tutù. Akuẹtẹ, èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé inú máa ń bí i. Orin kan ṣoṣo ló máa ń kùn nínú imú, àárọ̀, ọ̀sán.

Èmi ní tèmi, odì ni mo máa ń yàn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ mí, mi ò ní kí i, mi ò ní dá a lóhùn, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, títí yóò fi wá bẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe nílé wa ní Ọ̀yọ́. Bó bá ti pa ẹnu mọ́ báyìí, gbogbo ilé á mọ̀, wọn á sì ti kó àgbà àdúgbò wá bá a kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń ṣe é.

Ní ọjọ́ kan, àgbá òróró lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Kọjó, pákó là. Ṣẹ́ẹ̀fù bi Akuẹtẹ léèrè, Akuẹtẹ ní àsíá ló wálẹ̀ tí òun fi sọ̀ ọ́. Òtítọ́ ni, àsíá wálẹ̀. Ṣùgbọ́n mo retí pé kó bo àgbà lójú àwọn ọmọdé. Ṣẹ́ẹ̀fù wo aago, ó ní ojú mi ti di ojú arúgbó, pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ kí n máa lọ sílé. Àwọn atukọ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wòkè, Akuẹtẹ jókòó sórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń kun orin.

Orin yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ Ṣẹ́ẹ̀fù lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bá a yodì. Àsíá nìkan ni mo ń jù sí i, mi ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Mo dúró de ẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kò dé. Kàkà bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé ìgò omi atalẹ̀ kan wá fún mi, ó ní ìyàwó òun ló sè é. Mo rò pé oògùn ìkà ni. Mo dà á sínú òkun nígbà tó yíjú.

Ẹ̀yin ará, ẹ ó rántí pé mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá síbí. Mo ní mo ní ọ̀tá níbi iṣẹ́, mi ò dárúkọ. Àwọn ìyá wa bá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí Ọlọ́run mú ọ̀tá náà kúrò lórí wọ́ọ̀fù. Mi ò sọ fún yín pé èmi ni mi ò bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹ dárí jì mí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló pé tí Rúùtù ọmọ mi fẹ́ padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Èkó, òun àti ọmọ oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀. Òun nìkan ló jókòó nínú agbọ̀n onígi tí wọ́n fi ń sọ èrò kalẹ̀. Ó juwọ́ sí mi. Mo wo ìsàlẹ̀, ọkọ̀ Kọjó dúró dáadáa, omi sùn. Mo sọ àsíá kalẹ̀. Agbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ìgbà náà ni mo rí ìgbì tó ń bọ̀. Ó ga, ó dúdú, ó gbé ọkọ̀ Kọjó kúrò lábẹ́ agbọ̀n, ó ń tì í lọ sí ara òpó irin. Ó yẹ kí n gbé àsíá sókè, mo gbàgbé pé ó wà lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n pe Akuẹtẹ. Mo la ẹnu, ẹ̀yin ará, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Orúkọ tí mi ò pè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wá a, mi ò rí i. Mo kàn di ọ̀fun mi mú báyìí. Mo ní nínú ọkàn mi pé, Jésù, ọmọ mi.

Agbọ̀n dúró lójú òfuurufú.

Ìgbì kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ Rúùtù, ó bomi sí i láṣọ. Ọkọ̀ gbá òpó irin, àwọn atukọ̀ fò sómi, wọ́n di okùn mú, kò sí ẹni tó sọnù. Akuẹtẹ fa agbọ̀n padà sókè díẹ̀díẹ̀, ọmọ ọwọ́ náà ń sùn.

Ṣẹ́ẹ̀fù sáré dé. Ó rí i pé àsíá ọwọ́ mi ṣì wà nísàlẹ̀, ó bi wá pé ta ló ní kí ẹ̀rọ dúró. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òtítọ́, iṣẹ́ mi lè lọ. Mo ní, «Kì í ṣe èmi. Akuẹtẹ ni.» Bí orúkọ náà ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ṣẹ́ẹ̀fù wo aago rẹ̀, ó pẹ́ tó ń wò ó, ó lọ.

Akuẹtẹ sọ̀kalẹ̀, ó dì mí léjìká mú. «Pápà, ohùn yín ti padà! Ọ̀fun yín ńkọ́?»

Mo ní, «Ọ̀fun wo?»

«Ṣebí ó ti lé lógún ọjọ́ tí ẹ ò ti lè sọ̀rọ̀. Omi atalẹ̀ yẹn ò ràn yín lọ́wọ́ ni?»

Kọjó gun àkàsọ̀ dé, omi ń ro tótó lára rẹ̀. Ó ti gbọ́. «Ọ̀fun kọ́ o. Bàbá Rúùtù ń bá ọ jà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ìwọ nìkan ni wọn ò sọ fún.»

Akuẹtẹ wo mí, ó wo Kọjó. Ó ní òun rò pé àìsàn ni, pé láti ìgbà tí òun ò ti gbọ́ ohùn mi mọ́, òun kì í wo àsíá nìkan, ara mi ni òun ń wò, ọwọ́ òun kì í sì í kúrò lórí bíréèkì. Ó rí i tí mo di ọ̀fun mú, ó dúró. Mo wá bi í léèrè orin tó kùn lọ́jọ́ àgbá òróró. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun pé bí inú bá ń bí òun kí òun máa kùn ún, kí òun má bàa sọ ohun tí òun máa kábàámọ̀.

«Lọ́jọ́ yẹn, ta ló ń bí ọ nínú?»

«Ṣẹ́ẹ̀fù ni, Pápà. Ó pè yín ní arúgbó.»

Ibi tó ti rú mi lójú nìyí. Ká ní mi ò yodì ni, Akuẹtẹ kì bá máa wo ara mi, agbọ̀n á ti lọ. Ṣùgbọ́n ká ní mi ò yodì, èmi náà á ti ní ohùn láti pè é. Ṣé kí n dúpẹ́ lórí odì ni, àbí kí n tọrọ àforíjì? Mo bi pásítọ̀ wa, ó ní kí n tọrọ àforíjì, kí n má sì sọ apá ọpẹ́ síwájú ìjọ. Mo ti wá sọ ọ́.

Ohun tí mo mọ̀ ò pọ̀. Rúùtù ti kọ lẹ́tà láti Èkó. Mo ti ń pe Akuẹtẹ lórúkọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, inú bí mi sí i, mo sì ń pa á mọ́ra bí ìṣe mi, ni mo bá rántí, mo kígbe sí i pé, «Akuẹtẹ, inú ń bí mi sí ọ!» Ó dá ẹ̀rọ dúró, ó ní kí lòun ṣe. Ẹ̀yin ará, mi ò rántí mọ́.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ gbààwẹ̀, ẹ bojú wẹ̀yìn. Ọ̀tá tí ẹ bá mi gbàdúrà lé lórí nìyẹn, òun ló jókòó nítòsí fèrèsé, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Kò gbọ́ Yorùbá, kò mọ̀ pé òun là ń sọ. Ẹ gbọ́, ó ń kun orin rẹ̀. Bóyá ó ń dúpẹ́ ni, bóyá ẹ̀rí mi ló gùn jù tí inú fi ń bí i, èmi ò mọ̀. Bí a bá jáde, màá bi í. Ẹ bá mi yọ̀, kí ẹ gbé orin sókè kó lè bá wa kùn ún. Ọlọ́run tó gbọ́ mi nígbà tí mi ò lóhùn, òun ló ni ògo.