Bí Wọ́n Ṣe Fi Irun Màmá Mi Pa Ojú Ọgbẹ́ Wọn Dé

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Ẹ gbé e ga, ẹ̀yin ará! Ẹ má bínú, ohùn mi ò lè lọ sókè, ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́.

Ẹ mọ màmá mi. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà látìgbà tí iyè wọn ti ń ra. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, tí mò ń bọ́ wọn, kí n tó lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n yọ̀ ní balùwẹ̀, wọ́n forí sọ etí ògiri. Ẹ̀jẹ̀! Mo fi ìró mi dì í, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ọsibítù.

Bí nọ́ọ̀sì ṣe mú abẹ́rẹ́ jáde láti rán ibẹ̀, màmá figbe ta: "Ẹ gbà mí o, wọ́n fẹ́ pa mí!" Wọ́n gbá ọwọ́ nọ́ọ̀sì dànù, wọ́n gé èmi náà jẹ. Bí wọ́n ṣe ń jà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń tú. Nọ́ọ̀sì ní, "Àfi ká wá ọkùnrin tó máa dì wọ́n mú." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, "Olúwa, agbára mi pin."

Ìgbà yẹn ni dókítà wọlé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan. Ó tẹ ojú ọgbẹ́ náà títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sọ fún mi pé, "Mummy, tó bá jìn ni, ká fi òwú rán an ló dáa jù. Irin tí wọ́n fi ń tẹ awọ pọ̀, bí ẹni fi stapler tẹ ìwé, yá ju òwú lọ, àmọ́ á gún wọn. Èyí ò jìn, irun wọn sì gùn. Ẹ jẹ́ ká lọ́ irun apá ọ̀tún ọgbẹ́ mọ́ tòsì kó fa ojú rẹ̀ pa dé, ká kán gọ́ọ̀mù ọsibítù sí i. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀."

"Ṣé á mú, dókítà?"

"Á mú, ma. Kí omi má ṣáà tètè kan orí wọn."

Ó bẹ̀rẹ̀. Bí màmá ṣe mọ̀ ọ́n lára pé ọwọ́ wà nínú irun wọn, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló ń dirun fún mi? Má fà á jù o."

Dókítà ní, "Mi ò ní fà á, Mama."

Wọ́n wá yíjú sí mi: "Àbẹ̀kẹ́, kí lò ń sunkún sí?"

Halelúyà! Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pè mí lórúkọ gbẹ̀yìn!

Ọgbẹ́ ti jinná, o ṣeun, Olúwa. Iyè wọn ò padà o. Láàárọ̀ yìí, wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí. Ó rẹ̀ mí, mo sì ń dúpẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, tí ẹ ń sunkún ní kọ̀rọ̀, ẹ má sọ̀rètí nù. Tí ọ̀nà kan bá dí, Olúwa á rán ẹni tó mọ òmíràn sí yín. Ó ṣe é fún mi. Ẹ bá mi dúpẹ́.