Iṣẹ́ Tí Mo Pè Ní Práátíkà

Alága ìjókòó, Alàgbà Paul Ọ̀ṣẹ́nì, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà Ọ̀kà tí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín gun òkè wá síbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì mi yìí, ọ̀gá ilé ìwé wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ tò sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo kí gbogbo yín bí ipò yín ṣe tẹ̀ léra. Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé ìwé ni mo ti kọ́ Yorùbá tí mò ń sọ yìí o. Èdè Arigidi, ìlú mi, ni mo fi ń bínú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fòyà.

Láti àárọ̀ lẹ ti ń yìn mí. Ẹ ní bàbá ọmọ gbogbo ni mí, ẹ ní kò sí ọmọ tó gba ọwọ́ Ládélé kọjá tí kò mọṣẹ́. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ara ń fu mí. Ìfura loògùn àgbà. Bí wọ́n bá ń yin àgbà tó báyìí, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí wọn kò sọ.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, mẹ́sàn-án ní Àjọwá, ìyókù níbí. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyáàfin Eunice yìí, ẹni tó bá mi kọ́ kíláàsì mi nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ fún odindi táàmù kan, tí kò jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀. Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹ ti wá mọ̀ báyìí.

Ó ku ohun tí ẹ kò sọ. Ní Àjọwá, mo ní oko ẹ̀gẹ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo ń kó ọmọ lọ síbẹ̀ tọkọ́ tàdá, mo ní práátíkà ni, ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe. Wọ́n ro oko, wọ́n kọ ebè, mo fún wọn ní máàkì. Ta ló wá jẹ gààrí rẹ̀? Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ṣé oko tiyín ló ń ro ara rẹ̀ ni?

N kò ní kí ọmọ má ṣiṣẹ́ o. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kó gbálẹ̀, kó pọnmi, kó gún iyán tí àlejò yóò jẹ tí yóò béèrè ẹni tó gún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ a máa parí. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ télọ̀ ń gba fírídọ̀mù. Ọmọ ọlọ́mọ tó wà lọ́dọ̀ yín, tó ti mọ iyán gún láti ọdún mẹ́rin, kí lẹ tún ń kọ́ ọ lónìí? Bó bá sì jẹ́ ẹ̀kọ́ rere ni, kí ló dé tí ọmọ bíbí inú yín kò wọ kíláàsì náà? Ẹ óò ní àgbà ló sọ pé bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́ ẹrú pé kí ló ń wá.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń dúró ní géètì de àwọn tó ń pẹ́. Sà Kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè mí. Mo máa ń bi wọ́n pé: Ta lò ń bá gbé? Kí lo ṣe kí o tó jáde? Mo ti torí ìdáhùn wọn lọ bá òbí jà láti Ìkàrẹ́ dé Etioro. Ní táàmù tó kọjá, ọmọ kan dé láago mẹ́sàn-án. Happiness ni, ọmọ tí ìyá rẹ̀, Naomi, fà lé èmi àti Theresa ìyàwó mi lọ́wọ́ ní Ìkàrẹ́ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, pé kó lè kàwé. Jesse ọmọ mi, ẹgbẹ́ rẹ̀, ti bá mi wọ mọ́tò wá láago méje. Abọ́ ni Happiness ń fọ̀ nígbà tí a jáde. Mo rí i, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan.

Ojú gbogbo olùkọ́ wà lára mi. Mo ní, "Kí lò ń ṣe nílé?" Ó wolẹ̀, ó ní, "Práátíkà ni, sà."

Èmi ni mo kó ọ̀rọ̀ yẹn wọlé. Bí mo bá ti rán an níṣẹ́, mo máa ń fi ṣàwàdà. Ojú tì mí, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo ní kó kúnlẹ̀.

Léèkan, alága kéde pé Happiness yóò bá wa lọ sí Arigidi, kó máa tọ́jú àwa arúgbó. Ẹ pàtẹ́wọ́. Mo fura sí àtẹ́wọ́ yẹn. Ta ló bi í bóyá ó fẹ́? Ìdánwò kíláàsì kẹta rẹ̀ ku oṣù méjì péré. Happiness, dìde, ọmọ mi. Ìyá rẹ̀, ẹ bá a dìde. Ṣé o fẹ́ bá wa lọ?

Gbogbo yín gbọ́ ọ, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí ibi tí ojú rẹ̀ lọ kó tó sọ ọ́? Ojú ìyàwó mi ló wò. Ìyá tó bí i wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wò ó rárá. Ìyá Jesse, má sunkún. Àwa méjèèjì la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

N kò gba "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn. Naomi, ẹ mú ọmọ yín lọ sílé lónìí. Ọrùn mi ni owó ìwé rẹ̀ ṣì wà títí yóò fi jáde. Ẹ bi í ní Etioro, nílé yín, níbi tí kò ti ní rí ojú wa. Ohun tó bá sọ níbẹ̀ ni mo máa gbà, ì báà tilẹ̀ jẹ́ èébú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí Ọlọ́run tọ́jú ilé yín, kí ó mú yín délé ní àlàáfíà. Bí ẹ bá délé, kí ó fún ọmọ tó máa ṣílẹ̀kùn fún yín ní ẹnu tí yóò fi sọ tinú rẹ̀, kí ó sì fún yín ní etí tí ẹ óò fi gbọ́ ọ. Ẹ ṣé o.