Àlá Tí Mo Tà Fún Yín

Ẹ̀yin ọmọ ogun tí a jọ dùbúlẹ̀ ní ọsibítù Budapest yìí, ẹ súnmọ́ mi. Ẹ mọ èmi Lőrinc ní aláwàdà. Ẹ mọ ọwọ́ ọ̀tún mi tó nà gbọnrangandan láti ojú ogun wá, tí ẹ ń gbé kóòtù kọ́. Ó ti wálẹ̀ báyìí, ẹ sì ń yọ̀. Ẹ kò tíì mọ ohun tó nà án. N ó sọ ọ́ lónìí, nítorí ó ń jẹ mí lára ju kòkòrò iná inú aṣọ ogun lọ.

Dókítà Szendrey kì í fi iná mànàmáná gbá aláìsàn bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àlá ló ń béèrè. Ó ní ohun tí ẹnu kọ̀ láti sọ ni ara ń gbọ̀n jáde. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí oorun sùn, níbo lẹ ó ti rí àlá? Ọ̀dọ̀ mi lẹ wá, mo sì ń hun ún fún yín, tábà díẹ̀ fún àlá kan. Ambrus, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé bí a bá so ìgò wàrà mọ́ ọn, bọ́tà la ó bá nínú rẹ̀, mo fún un ní ewúrẹ́ tó dé fìlà ọ̀gágun, tó ń kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fún ẹlòmíràn ní ẹja tó tóbi ju odò Danube fúnra rẹ̀ lọ, tó ń fi ìrù gbá ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Àfi bí Ambrus ṣe ti ọ̀dọ̀ dókítà dé.

"Lőrinc, o ti kó bá wa. Ó ní kí ló dé tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń lálàá ilẹ̀kùn kan náà."

"Ṣé o dárúkọ mi?"

"Kí n tó la ẹnu, ó ti ń béèrè nípa ọwọ́ rẹ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, dókítà jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi. "Kí ni ọwọ́ yìí ń tì?"

"Ebi ni, Dókítà."

Kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń kan ilẹ̀kùn?"

Bálint, ọ̀rẹ́ mi ojú ogun, ni. Lẹ́bàá odò Isonzo, ọta àgbá ń rọ̀ bí òjò, mo sá wọ ihò ìsádi tí a gbẹ́ sínú àpáta, mo fi ọwọ́ yìí ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Bálint dé, ó ń kàn án. "Lőrinc, èmi ni. Ṣí i, ọ̀rẹ́ mi." Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ pé n kò mọ ohùn rẹ̀. Àyè wà nínú ihò náà. Ó tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Àbí ìhòòhò lo wà ni?" Ojo ni mí. Mo tẹ ọwọ́ mọ́ ilẹ̀kùn títí kíkàn náà fi dákẹ́. Nígbà tí wọ́n fà mí jáde, ọwọ́ náà kọ̀, kò wálẹ̀ mọ́. Mo wá sọ fún Màmá Terka, ìyá rẹ̀, pé àyà mi ni ọmọ rẹ̀ kú sí. Ẹ̀yin náà ti jẹ nínú búrẹ́dì àti jáàmù tó ń gbé wá fún mi lọ́jọ́ ìsinmi. Ó máa ń fi ẹnu ko ọwọ́ yìí, ó ní ọwọ́ tó gbé ọmọ òun mọ́ra kẹ́yìn ni.

Bí mo ṣe jẹ́wọ́ fún dókítà ni ọwọ́ rọ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́, Màmá Terka sunkún ayọ̀, èmi kò sì rí oorun sùn mọ́. Etí dókítà nìkan kò tó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ara yín bá ń gbọ̀n, ẹ bi í léèrè ohun tó rí. Ẹ má ra àlá alálàá. Lọ́la n ó lọ sí ilé Màmá Terka, n ó fi ọwọ́ yìí kan ilẹ̀kùn, n ó ní, "Màmá, èmi ni. Ẹ foríjì mí." Bí kò bá ṣí i, n ó dúró níta.