Fóònù Bọ̀dá Àlàbá

Láti Ìyànà Ìbà dé Òkókómáìkò, kò sẹ́ni tó mọ àṣírí í pa mọ́ tó èmi Tóyọ̀sí. Ẹ lọ bi wọ́n! Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá mi dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀kan yìí wọ sàréè: èmi, èmi nìkan ṣoṣo, ni mo tú àṣírí Táyọ̀.

Táyọ̀ ni akànṣẹ́ tó mókè jù ní jíìmù Kóòṣì Ọládipọ̀, lẹ́yìn Ìbà Estate. Èmi ni mo ń kéde rẹ̀. Tí mo bá ké "Òkúta Ìbà!", ewúrẹ́ àdúgbò á sá wọlé. Mọ́nsúrátù ló ń ra á níṣan. Bọ̀dá Àlàbá, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ló ń fọ ìbọ̀wọ́, òun nìkan ni káàdì kì í tán lórí fóònù rẹ̀. Tá a bá ní "Bọ̀dá, ẹ yá mi fóònù," kì í bi wá ẹni tá a fẹ́ pè.

Lọ́jọ́ kan mo já wọ yàrá ìmúra, mo bá Kóòṣì tó ń gún Táyọ̀ lábẹ́rẹ́.

"Fítámì ni," Kóòṣì ní.

Fítámì wo ló ń mú ojú èèyàn pọ́n bí ata? Mọ́nsúrátù náà ti ń kùn pé iṣan ọmọ náà ti le jù. Ǹ bá ní àánú Táyọ̀ ló ṣe mí. Irọ́ ni! Wọ́n ń lọ jà ní Gánà, wọ́n ní kò sáyè fún olùkéde. Obìnrin tó ń yẹ ìtọ̀ àwọn eléré ìdárayá wò nítorí oògùn agbára tí òfin kọ̀ ti fún gbogbo wa ní nọ́ńbà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo yá fóònù Bọ̀dá Àlàbá, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo pè é. Mi ò pa nọ́ńbà náà rẹ́. Mo mọ̀ pé mi ò pa á rẹ́.

Wọ́n yẹ ìtọ̀ Táyọ̀ wò, wọ́n fòfin dè é fún ọdún mẹ́rin. Táyọ̀ tó ti ń wí pé òun fẹ́ lọ sọ́dọ̀ kóòṣì mìíràn wá di ẹni tí kóòṣì kankan kò fẹ́. Nínú jíìmù, kò sẹ́ni tó ń mu omi tí ẹlòmíràn bù mọ́. Ni Kóòṣì bá gbé Bíbélì sọ́tùn-ún, Kùránì sósì.

"Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá mọ́, kó búra!"

Mo búra lórí méjèèjì, kó má baà ku síbì kan. Mọ́nsúrátù búra. Kóòṣì alára búra tomijé-tomijé. Ó wá kan Bọ̀dá Àlàbá.

"Ìgbàgbọ́ mi ò gbà kí n búra," ó ní. "Mi ò sì ní dárúkọ ẹnì kankan."

Ẹ wo ẹnu burúkú tí mo ní! Èmi ni mo fi ohùn ìkéde mi ké pé, "Ẹ yẹ fóònù ẹ̀ wò!"

Kóòṣì já a gbà. "Nọ́ńbà obìnrin náà rèé! Ọ̀dàlẹ̀!" Kíá ló ti pa fóònù, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wò ó.

"Ẹ ti ba ayé mi jẹ́, Bọ̀dá," Táyọ̀ ń sunkún.

A lé e. Láti ìgbà náà, ìgbẹ́ àgbò ló ń gbá ní ọjà ẹran Alaba Rago, àwọn ọlọ́kadà sì ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀ bó bá ń kọjá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó gbogbo ará jíìmù lọ bá a. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ìgbẹ́ àgbò. "Bọ̀dá, èmi ni mo fi fóònù yín pè é. Ẹ foríjì mí!" Mọ́nsúrátù bú sẹ́kún. Kóòṣì ń wo bàtà rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ òótọ́, ẹnu ara yín ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́.

Bọ̀dá Àlàbá kò dá ìgbálẹ̀ dúró.

"Dìde," ó ní. "Kóòṣì ló kọ́kọ́ yá a fi pè é, Mọ́nsúrátù tẹ̀ lé e, ìwọ lo ṣe ìkẹta. Kò sẹ́ni tó ra káàdì padà."