Ojú Tí Mo Fi Ń Kó Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ má tíì sọ ọ́, àǹtí! Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì sọ ọ́. Bí ẹ ṣe yí káàdì yẹn síwá-sẹ́yìn, tí ẹ wá rọra fi í lélẹ̀ padà bí ẹni pé ó gbóná lọ́wọ́ yín, mo ti mọ ohun tó ń bọ̀. "Bàbá, a kì í gba ti ìjọba níbí." Àbí òun kọ́? Ẹ ò rí i! Mo ti há a sórí!

Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná. Mi ò bá yín jà o, ẹ̀yin kọ́ lẹ fọ́ mi lójú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ló kàn, ẹ máa gbọ́ ọ.

Awakọ̀ ni mí. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni mò ń wà, àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kó, ọmọ ọlọ́mọ! Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ti adójútòfò ìlera ìjọba lára owó oṣù mi, ẹ̀rùn ni o, òjò ni o, wọn ò gbàgbé rí. N kì í ṣàìsàn, mi ò fi da ẹnikẹ́ni láàmú. Ó wá di ìgbà tí ojú ń ṣe mí bàìbàì, káàdì wá di páálí lásán! Ta ni mo ṣẹ̀? Ẹ sọ fún mi, ta ni mo ṣẹ̀?

Àwọn oníṣègùn ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n wọlé. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló rí káàdì lọ́wọ́ mi tó ní kí n yáa máa lọ, pé ìjọba ti já àwọn kulẹ̀, kò san owó àwọn. Èmi ni ìjọba ni? Àwọn kan lókè ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò gbà á, mo sì ti ń súre fún wọn, àṣé oògùn tí wọ́n ń kán sójú nìkan ni káàdì náà lè gbà fún mi! Wọn ò ní yẹ ojú wò, wọn ò ní ṣe awò. Ṣé ojú ń yún mi ni?

Mo wá pe àwọn adójútòfò fúnra wọn. Orin! Orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí, títí fóònù fi fẹ́ẹ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìgbà tí ọmọbìnrin kan máa gbé e, ó ní dókítà ojú kan wà lẹ́yìn ilé ẹjọ́ tó ń gbà á, pé ó dá òun lójú. Mo fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Àǹtí, fóòmù àti ìrọ̀rí ni wọ́n ń tà níbẹ̀! Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ní dókítà ti kó lọ tipẹ́, pé bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn bíi tèmi ṣe ń wá, tí wọ́n ń táràrà kiri láàárín fóòmù. Ó fún mi lómi mu. Òun ló júwe ibí fún mi.

Kí n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá? Mo ti lọ! Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọdún tuntun. Ta ló máa bá mi bẹ ojú dìgbà náà?

Ẹ má wo aago, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó gbé mi débí. Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, mo ti já àwọn ọmọ sílẹ̀, mo fẹ́ yí bọ́ọ̀sì padà. Mo rí ọ̀rá dúdú kan nílẹ̀ níwájú mi. Ọ̀rá, lójú tèmi! Kí ló kan awakọ̀ kan ọ̀rá? Mo bá forí bọ́ọ̀sì lé e. Ìyá tí a jọ ń kó àwọn ọmọ ló figbe ta, "Yéè!", tó gbá ara bọ́ọ̀sì gbàgà, ni mo bá tẹ búrẹ́kì. Ọ̀rá yẹn dìde. Àǹtí, ó dìde, ó gbé báàgì kọ́ èjìká! Ọmọ ni! Ó bẹ̀rẹ̀ ni, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Ó tún wá juwọ́ sí mi, ó ní, "Bàbá Oníbọ́ọ̀sì, ó dàbọ̀ o."

Ẹ fún mi láàyè díẹ̀. Mi ò sunkún.

Èmi fúnra mi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀gá mi lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lé mi. Ó ní bí mo bá ti rí awò kí n padà wá, ṣùgbọ́n òun ò ní lè dúró pẹ́. Ìyàwó mi rò pé ibi iṣẹ́ ni mo wà báyìí. Ẹ wo aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi! Ojoojúmọ́ ni mò ń wọ̀ ọ́ jáde, tí mò ń wá dókítà kiri bí ẹni tó sọ ọmọ nù.

Kí lẹ wí? Kí n ka ohun tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri nípa káàdì ìjọba? Èwo? Funfun yẹn?

Háà! Háà-háà-háà! Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó, ṣé ẹ gbọ́? Èmi tí mi ò ríran, wọ́n ní kí n wá kàwé lára ògiri! Àǹtí mi, bí mo bá lè ka ìyẹn láti ibí, kí ni mo wá ṣe lọ́dọ̀ yín?

Ẹ pe dókítà. Mi ò dìde o. Ẹ pè é jáde, kó wá fẹnu ara rẹ̀ kà á fún mi.